Orí Ní Í Gbé Ìgbáròkó Lórí Omi

Ọ̀rọ̀ ara ni mo bá dé, ọ̀rọ̀ orí ni yóò sì padà jẹ́.

Ní Stone Mountain níbí, lẹ́bàá Atlanta, àpáta kan wà tí orí rẹ̀ ga tó 1,686 ẹsẹ̀ bàtà sí ojú òkun. Ẹni tó bá mọ Olúmọ yóò rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gùn ún kò ju bíi máìlì kan lọ, mo sì máa ń gùn ún láìsinmi nígbà kan. Ní báyìí tí mo ti lé ní 60 ọdún, ìbọ̀sẹ̀ wíwọ̀ ti di òkè tèmi. Màá jókòó sétí ibùsùn, màá nawọ́ sí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, ìrora á ta mí níbi tí itan ti pàdé ikùn, á gba ìgbáròkó lọ sí ẹ̀yìn.

Omi ni mo sá tọ̀. Bí omi bá mu èèyàn dé ìbàdí, bí ìdajì ìwúwo ara ló kù fún ẹsẹ̀ láti rù. Ṣùgbọ́n òmùwẹ̀ ní í bómi lọ. Bí mo ṣe ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà èwe náà ni mo ṣì ń ṣe: mo ń ta itan síta bí ọ̀pọ̀lọ́, mo ń gbé orí sókè kí n lè rí ẹni tó ṣáájú mi. Bí mo bá jáde, ẹ̀yìn mi á ti gan bí pákó.

Níbẹ̀ ni mo rántí ìtàn orí kan, ìtàn Afùwàpẹ́ tí àwọn àgbà ń pa nínú odù Ifá Ogbè Ògúndá. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni wọ́n ń ti òde ọ̀run bọ̀ wá sáyé: Oríṣéékú ọmọ Ògún, Orílèémèrè ọmọ Ìja, àti Afùwàpẹ́ ọmọ Ọ̀rúnmìlà. Àwọn méjì àkọ́kọ́ kánjú dé ilé Àjàlá, alámọ̀ tí í mọ orí tí èèyàn ń yàn wá sáyé. Wọn ò bá a nílé. Wọ́n rí orí ńlá tó dán, wọ́n gbé e rù. Wọn ò mọ̀ pé iná kò tíì mú un. Òjò pa wọ́n lọ́nà, amọ̀ sì ń já bọ́. Nígbà tí wọ́n dáyé, gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ kó jọ, orí tó ti ṣí ni wọ́n fi ń dí.

Afùwàpẹ́ ní tirẹ̀ yà kí bàbá rẹ̀. Wọ́n dífá fún un, wọ́n ní kó rú iyọ̀ àti owó. Ó rú u, ó sì mú díẹ̀ dání. Lọ́nà, ó bá arúgbó oníbodè tó ń fi eérú se ọbẹ̀, ó fún un ní iyọ̀. Arúgbó náà ló mú un dé ọ̀dọ̀ Àjàlá. Ó san gbèsè tí ń lé Àjàlá kiri. Àjàlá bá a yan orí, ó fi irin dán an wò. Òjò rọ̀, orí dúró.

Ó pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ìtàn yìí, ọ̀run nìkan ni mo gbà pé ó ń sọ. Àfi ọjọ́ tí ọmọbìnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń kọ́ àgbà ní ìlúwẹ̀ẹ́ dúró létí omi, tó ní: “Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé orí. Ìsàlẹ̀ ni kí ẹ máa wò.” Mo tẹ orí ba. Ìgbáròkó mi léfòó fúnra rẹ̀! Bí orí bá gòkè, ìdí á rì, ẹ̀yìn á tẹ̀ kọdọrọ, eegun á máa fún ara wọn. Bí orí bá padà sípò, gbogbo ara á tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin ará, ṣé ẹ rí i? Kì í ṣe ìbàdí ló yẹ kí n kọ́kọ́ bẹ̀.

Kí wá ni iyọ̀ tèmi? Ìkánjú ni mo kọ́kọ́ rú. Mo yọ̀ǹda ìwẹ̀ ọ̀pọ̀lọ́ tí mo fẹ́ràn, nítorí títa itan síta ń ni oríkèé mi lára. Ẹ̀yìn ni mo ń fi wẹ̀ báyìí, tàbí kí n há fóòmù sáàárín itan kí apá nìkan ṣiṣẹ́. Ìdajì iye tí mo ń lọ tẹ́lẹ̀ ni mò ń lọ. Nílé, màá dùbúlẹ̀ lórí ẹní, màá ká orúnkún, màá gbé ìdí sókè díẹ̀díẹ̀ kí iṣan ibẹ̀ lè lágbára. Ẹbọ kékeré ni, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni.

Ẹbọ kò sì gba iṣẹ́ oníṣègùn ṣe. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ń rọ, tí abẹ́ rẹ̀ ń kú tipiri, tàbí tí kò lè kó ìtọ̀ níjàánu mọ́, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ìrora mi kò tíì tán. Òjò ṣì ń pa amọ̀, èmi náà ṣì ń dí ibi tó ṣí. Lọ́la, lẹ́yìn tí èmi àti ìbọ̀sẹ̀ bá ti jà tán, màá lọ sétí omi. Màá fọwọ́ kan orí mi, màá kí i bí a ti ń kí àgbà. Lẹ́yìn náà, màá tẹ̀ ẹ́ ba.