Ọmọ tó jalè, ṣé olè ni?

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí, mo fẹ́ bi yín ní ìbéèrè kan. Ọmọ kan mú ẹran nínú ọbẹ̀ ìyá rẹ̀. Ṣé olè ni ọmọ náà, àbí ọmọ tó jalè ni?

Ẹ lè sọ pé ọ̀kan náà ni. Lójú tèmi, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ní Sakété níbí, ọmọ ní orúkọ tí a sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Ó tún ní oríkì. Ṣùgbọ́n tí ẹran bá ti sọnù lẹ́ẹ̀mejì, "Olè, wá níbí!" ni yóò máa gbọ́ láti òwúrọ̀ di alẹ́. Tí owó bá sọnù, òun ni. Tí abẹ́rẹ́ bá sọnù, òun náà ni. Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ní í ro ọmọ. Nígbà tó bá yá, ọmọ náà á máa jẹ́ orúkọ náà, kò ní bínú mọ́.

Ọkùnrin kan gbé ní Adelaide, ìlú kan ní ilẹ̀ Ọsirélíà. Michael White ni orúkọ rẹ̀. Ó kú ní 2008. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jókòó ti àwọn ìdílé tí ọ̀rọ̀ wọn ti dàrú. Ní 1984, ó kọ̀wé nípa àwọn ọmọ tó ti dàgbà, tí wọ́n ṣì ń ṣu sára. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ìyá tó ń fọ aṣọ náà kò rẹ́rìn-ín.

White kò bi wọ́n pé kí ló ṣe ọmọ yìí. Ó ní kí wọ́n sọ wàhálà náà lórúkọ, bí ẹni pé àlejò burúkú kan ló ń yọ́ wọlé. Kí ni àlejò yìí ti fojú ìyá rí? Kí ló ti fojú bàbá rí? Ọjọ́ wo ni ọmọ kọ̀ fún un? Bẹ́ẹ̀ ni ìdílé tó ń bá ọmọ jà ṣe dara pọ̀ mọ́ ọmọ, wọ́n jọ ń bá wàhálà jà.

Ní 1990, òun àti David Epston ti ilẹ̀ New Zealand gbé ìwé jáde lórí iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn náà, Ncazelo Ncube, ọmọ Zimbabwe, àti David Denborough mú irú rẹ̀ lò fún àwọn ọmọ tí àrùn sídà pa òbí wọn. Ọmọ á ya igi: gbòǹgbò rẹ̀ ni ibi tó ti wá, èso rẹ̀ ni oore tí a ti ṣe fún un. Kò ní jẹ́ ọmọ òrukàn nìkan mọ́.

Ẹnìkan á ní: "Ẹ fẹ́ kí ẹlẹ́ṣẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́ ni." Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn. Ọkọ tó lu aya rẹ̀ lè ní, "Ìbínú ló ṣe é, kì í ṣe èmi." Èmi kò gbà. Ẹni tó jí owó gbọ́dọ̀ dá a padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní "Bí wọ́n ṣe bí mi nìyẹn" náà ń sá fún ẹjọ́. Tí a bá ti sọ Ìbínú lórúkọ, a lè bi ọkọ náà pé: nígbà tí Ìbínú kanlẹ̀kùn, ta ló ṣílẹ̀kùn fún un? Ó di dandan kó dáhùn.

Ní alẹ́ òní, ẹ pe ọmọ tí ẹ ń pè ní olè. Ẹ fi oríkì rẹ̀ pè é. Ẹ bi í léèrè ọjọ́ kan tí ẹran wà nínú ìkòkò, tí kò sí ẹnìkan nílé, tí kò fọwọ́ kàn án. Ó lè pẹ́ kó tó rántí. Ẹ dúró dè é.