Kí Iye Àná Má Ṣì Wá Lọ́nà

Èdùmàrè, Ọba tó ni àná, tó ni òní, tó sì mọ ohun tí ọ̀la máa bí, a júbà kí a tó fẹnu ba ọ̀rọ̀ owó. A júbà ẹ̀yin bàbá àti ìyá wa tí ẹ fi owó iṣẹ́ yín ra ìpín ilé-iṣẹ́ nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ilẹ̀ àti oko kòkó nìkan ló ń jẹ́ ọrọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí ọjà ìpín ìdókòwò Èkó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1961. Ẹ̀yin tí ẹ ra ìpín ní àwọn ọdún 1970, nígbà tí ìjọba ológun pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó ta nínú ìní wọn fún ọmọ Nàìjíríà: ìbà yín o. Ìwé ẹ̀rí ìpín tí ẹ fi sílẹ̀ nínú àpótí kò ní di oúnjẹ ikán. Ọmọ tó bá bá a níbẹ̀ kò ní fi pọ́n ẹ̀pà.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ní búrókà àti ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wo ìpín lórí fóònù, ẹ gba ìwúre. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ ra ìpín ilé-iṣẹ́ kan, orí yín á rán yín létí láti kọ́kọ́ béèrè iye tí wọ́n ń tà á lọ́dún tó kọjá, lọ́dún márùn-ún sẹ́yìn, lọ́dún mẹ́wàá sẹ́yìn. Ẹ ó rí àkọsílẹ̀ náà. Ẹ ó rí iye tí ọjà fi ṣí, iye tó ga jù lọ́jọ́ náà, èyí tó rẹlẹ̀ jù, iye tí wọ́n fi pa ọjà dé, àti bí ìpín tó pààrọ̀ ọwọ́ ti pọ̀ tó. Ojú yín kò ní fo èyí tó kẹ́yìn yẹn dá. Òun ni wọn kì í sábà wò, òun ló sì ń tú àṣírí jù.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn. Ọ̀pọ̀ ọdún ni òfin ọjà wa fi sọ pé ìpín kankan kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju kọ́bọ̀ 50 lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìpín ilé-iṣẹ́ bíi mélòó kan, pàápàá ti àwọn adójútòfò, ṣe jókòó sórí kọ́bọ̀ 50 láti oṣù dé oṣù, láti ọdún dé ọdún. Ẹni tó bá wo iye nìkan, ìlà gbọọrọ ló máa rí, á ní, “Èyí mà dúró ṣinṣin o, kì í já wálẹ̀.” Àmọ́ kó sún ojú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó wo iye ìpín tí wọ́n tà lọ́jọ́ kọ̀ọ̀kan: òfo, tàbí ìwọ̀nba tí kò tó nǹkan. Àwọn tó fẹ́ tà pọ̀ bí omi, kò sí ẹni tó fẹ́ rà. Ọdún 2018 ni wọ́n tó yọ ìdènà yẹn kúrò, tí iye lè wálẹ̀ dé kọ́bọ̀ kan. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí òkú kí ẹ pè é ní ẹni tó ń sùn.

Kí bónọ́sì, ìpín ọ̀fẹ́ tí ilé-iṣẹ́ ń fún onípìn-ín, má dá wàhálà sílẹ̀ láàárín ọmọ ìyá. Ẹ jẹ́ ká ní bàbá yín ní ìpín 1,000, tí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ náírà 20. Ilé-iṣẹ́ wá fún gbogbo onípìn-ín ní ọ̀kan lé lórí ọ̀kan. Ilẹ̀ mọ́, iye di náírà 10. Ọmọ tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á figbe ta pé wọ́n ti jí ìdajì ogún bàbá òun, kò mọ̀ pé ìpín ti di 2,000, pé 20,000 náírà tó wà lánàá ló ṣì wà níbẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fi máa ń padà sẹ́yìn lọ pín iye àtijọ́ kó lè bá tòní mu. Àkọsílẹ̀ méjì lè sọ iye méjì fún ọjọ́ kan ṣoṣo, kí irọ́ má sì sí nínú ọ̀kankan. Ẹ̀yin ọmọ wa tí ẹ ń ra ìpín Amẹ́ríkà, ẹ wo Apple. Dọ́là 22 ni wọ́n ta ìpín rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1980. Láti ìgbà náà, wọ́n ti pín in lẹ́ẹ̀marùn-ún, ẹyọ kan ti di 224. Nítorí náà, ẹni tó bá wo àkọsílẹ̀ tí wọ́n ti tún ṣe, kò tó sẹ́ńtì 10 tó máa bá níbẹ̀. Èwo ni òótọ́? Méjèèjì ni. Ẹnu yín kò ní wúwo láti béèrè èyí tí wọ́n gbé síwájú yín.

Kí ẹ má sì fojú ọ̀lẹ wo ilé-iṣẹ́ tó ń san èrè ìpín lọ́dọọdún nítorí pé iye rẹ̀ kò fò. Nígbà tí ọjọ́ àtigba èrè bá ti kọjá, iye ìpín a máa dín kù, nítorí owó náà ti kúrò nílé-iṣẹ́ lọ sápò onípìn-ín. Àkọsílẹ̀ tí kò bá ka èrè yẹn mọ́ ọn, ìdajì ìtàn ló sọ. Ìdajì ìtàn kò ní mú kí ẹ ta ohun rere sọnù.

Ọlọ́run, ọ̀rọ̀ 2008 la fẹ́ bá ọ sọ báyìí, ara wa kò tíì gbàgbé. Atọ́ka gbogbo ìpín ọjà wa bẹ̀rẹ̀ láti 100 ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1984. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹta ọdún 2008, ó ti lé ní 66,000. Kí ló gbé e débẹ̀? Ní 2004, báǹkì àpapọ̀ ní kí gbogbo báǹkì ní owó ìpìlẹ̀ bílíọ̀nù 25 náírà kí 2005 tó parí. Báǹkì 89 di 25. Báǹkì ń ta ìpín, olùkọ́ ń rà, alájàpá ń rà, àwọn kan sì ń yáwó lọ́wọ́ báǹkì láti fi rà á. Kódà báǹkì mìíràn ń yá ènìyàn lówó láti fi ra ìpín tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹni tó bá wo àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́ta nígbà náà, òkè lásán ló ń rí. Kò sí irọ́ nínú rẹ̀, ó kúrú ni.

Nígbà tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í já, àwọn aláṣẹ ọjà ṣe òfin kan ní oṣù Kẹjọ ọdún 2008: iye lè gòkè dé ìdá 5 nínú 100 lójúmọ́, àmọ́ kò gbọdọ̀ wálẹ̀ ju ìdá 1 lọ. Ẹ padà lọ wo àkọsílẹ̀ ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn, ẹ ó rí i pé iye ń rọra sọ̀ kalẹ̀ ni. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ lórí ìwé. Àwọn tó ń wá ẹni tí wọ́n máa tà á fún kò rí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ kankan. Nígbà tí 2009 fi parí, atọ́ka ti wà ní nǹkan bí 20,800. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Sanusi Lamido Sanusi, tó jẹ́ gómìnà báǹkì àpapọ̀ nígbà náà, yọ ọ̀gá báǹkì márùn-ún nípò lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 2011, wọ́n gba ìwé àṣẹ Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Owó àwọn tó ní ìpín níbẹ̀ wọlẹ̀ lọ.

Ẹ ò ní wá orúkọ wọ̀nyẹn nínú ìwé ọjà òní kí ẹ rí i. Ìdí rèé tí ọjà àtijọ́ fi máa ń dára lójú wa: àwọn tó yè nìkan ló wà níbẹ̀ tí a lè kà. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ rántí àwọn tó ti kúrò lórí ìwé, nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ẹni tó bá ti ní sùúrù kò lè pàdánù.

Ìṣirò kò ní dojú rú mọ́ yín lọ́wọ́. Ohun tó bá pàdánù ìdá méjì nínú mẹ́ta gbọ́dọ̀ di ìlọ́po mẹ́ta kó tó padà síbi tó wà. Ọdún 2023 ni atọ́ka wa tó padà ré ibi tó dé ní 2008 kọjá. Ọdún 15! Inú àwọn kan dùn, wọ́n ní àdánù ti parí. Ṣùgbọ́n nígbà tí atọ́ka wà lókè yẹn ní 2008, náírà tí kò tó 120 ni a fi ń ra dọ́là kan. Nígbà tí a fi padà débẹ̀, ó ti ju 700 lọ. Iye kan náà ni lóòótọ́, owó ọ̀tọ̀ ni. Iye àná tí ẹ bá kà, Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ rántí ohun tí owó àná ń rà.

Ẹ̀yin tí ẹ ra ìpín ní náírà 40 tó ti di náírà 6, tí ẹ ń sọ pé, “Tó bá ti lè padà sí 40, màá tà á,” kí Ọlọ́run tú yín sílẹ̀. Iye tí ẹ fi rà á, ẹ̀yin àti búrókà yín lẹ mọ̀ ọ́n, ọjà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ ó wo ilé-iṣẹ́ náà bó ṣe wà lónìí: ṣé ó ń jèrè, ṣé gbèsè rẹ̀ kò pọ̀ jù? Tó bá yẹ kí ẹ tà, ọwọ́ yín kò ní gbọ̀n. Tó bá yẹ kí ẹ dúró, ojú kò ní kán yín.

Kí Ọlọ́run sì pa yín mọ́ lọ́wọ́ ẹni tó fa ìlà sórí àwòrán iye, tó ní òun ti rí oṣù tó ń bọ̀. Èmi ò sọ pé wọn ò mọ nǹkan kan o. Àwọn kan mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹni tó bá wá ń gba owó lọ́wọ́ yín nítorí ohun tó rí yẹn, ẹsẹ̀ yín yóò yá láti kúrò níbẹ̀.

Ìwé tí búrókà fún yín lọ́jọ́ tí ẹ rà kò ní sọnù. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì di bébà àtijọ́ mú, Ọlọ́run yóò fún yín lókun láti lọ sọ ọ́ di ti orí kọ̀ǹpútà kí ọjọ́ tó lọ. Èrè ìpín yín kò ní wà nílẹ̀ láìrí ẹni gbà á. Àwọn ọmọ tó máa pín in kò ní bá ara wọn dé kóòtù. Ẹ ó rà ní iye tí oorun ṣì máa kùn yín lórí rẹ̀, ẹ ó sì tà ní iye tí ẹ lè sọ fún ọkọ tàbí ìyàwó yín láì rẹ ohùn sílẹ̀. Àṣẹ.