Ọ̀dà Lára Ògiri Tí Ó Lanu: Ẹ̀wù Ni Tàbí Ẹ̀tàn?

Ẹni tí ó bá yà kúrò lójú ọ̀nà Ṣágámù sí Benin ní Ọ̀rẹ̀, tí ó sì kọrí sí Òdìgbó, yóò rí ilé alámọ̀ àtijọ́ láàárín àwọn ilé búlọ́ọ̀kù. Àwọn baba wa mọ ògiri wọn ní amọ̀, wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ẹ, wọ́n sì fi páànù bo orí rẹ̀. Lónìí, ara púpọ̀ nínú wọn ti sán, ọ̀dà wọn sì ti bó. Bí ọdún bá ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, onílé a ra ọ̀dà, ilé a sì tún máa dán. Ìbéèrè tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nìyí: ẹni tí ó fi ọ̀dà bo ojú ibi tí ògiri ti lanu, ṣé ilé ni ó tún ṣe, tàbí ènìyàn ni ó tàn jẹ?

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀tàn gbáà ni, nítorí pé aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Àwọn mìíràn yóò dáhùn pé bí bíbo àbùkù bá jẹ́ irọ́, a jẹ́ pé òpùrọ́ ni gbogbo ẹni tí ó wọ aṣọ. Wọn yóò sì rán wa létí pé ilé ọba tí ó jó, ẹwà ni ó bù sí i. Òótọ́ wà lẹ́nu tọ̀tún-tòsì. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun kan nínú òwe kejì yìí: wọn kò fi ọ̀dà kun èédú. Wọ́n kó eérú dànù, wọ́n tún ilé kọ́, kí ẹwà tó dé.

Kí ìdájọ́ wa má baà jẹ́ ti àìmọ̀, ó yẹ kí a mọ ìṣe ògiri. Ògiri alámọ̀ a máa fa omi láti inú ilẹ̀ àti láti inú òjò, a sì máa tú u jáde nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí ó ti ń mu omi ni ó ń wú. Bí ó ti ń gbẹ ni ó ń súnkì. Sìmẹ́ńtì le ju amọ̀ lọ. Kì í bá a wú, kì í sì í bá a súnkì. Nígbà tí ó bá yá, àwọn méjèèjì a pínyà: omi a há sẹ́yìn sìmẹ́ńtì, amọ̀ a sì máa rọ̀ nínú òkùnkùn. Bí a bá fi ìka kàn án, ìró òfìfo ni a ó gbọ́. Ní Djenné, ní orílẹ̀-èdè Mali, amọ̀ ni àwọn ará ìlú máa ń péjọ fi pa ara mọ́ṣáláṣí ńlá wọn, èyí tí wọ́n tún kọ́ ní 1907.

Mo sọ èyí nítorí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí àwa ọmọ baba mi. Lẹ́yìn tí baba wa re ibi àgbà ń rè, a pinnu láti fi ilé rẹ̀ ní Òdìgbó háyà, kí a lè rí owó ilé-ẹ̀kọ́ àbúrò wa. Ògiri yàrá kan ti sán láti ìsàlẹ̀ dé àjà. Bíríkìlà kan ògiri náà, ó mi orí, ó ní kí a ha gbogbo sìmẹ́ńtì rẹ̀ kúrò, kí a pa ikán, kí a sì fi amọ̀ dí i. Owó tí ó dá lé wa ju owó ọ̀dà lọ fíìfíì. Ẹ̀gbọ́n mi ní, “Ẹ jẹ́ kí a kùn ún. Kí òjò tó dé, ayálégbé á ti san owó ọdún kan.” N kò ta kò wọ́n. Èmi gan-an ni mo ra ọ̀dà. Ayálégbé dé, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ kékeré méjì. Ìyá àwọn ọmọ náà fi ọwọ́ ra ògiri, ó ní, “Ilé yín mọ́, tíṣà. Ibí ni n ó máa tẹ́ ẹní àwọn ọmọ sí.” Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, mo sì jẹ́wọ́. Wọ́n bá ọ̀nà wọn lọ. Ẹ̀gbọ́n mi bínú sí mi pẹ́, àbúrò wa sì fi ọdún kan jókòó sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí a wá ha ògiri náà, ikán ti sọ inú rẹ̀ di ihò. Ọwọ́ mi wọlé dé ìgbọ̀nwọ́.

Ọ̀dà kò ní ẹ̀ṣẹ̀. Irú ọ̀dà kan náà ni a fi kun ògiri yẹn lẹ́yìn tí a tún un ṣe tán, kò sì sí ẹni tí ó lè pè é ní irọ́. Ohun méjì ni ó fi ẹ̀wù yàtọ̀ sí ẹ̀tàn: bí a bá ti wo ọgbẹ́ kí a tó bò ó, àti bí ẹni tí yóò sùn sábẹ́ rẹ̀ bá mọ ohun tí ó wà níbẹ̀. Ẹni tí ó bo ewu mọ́ ẹlòmíràn lójú ti fi ẹ̀mí onítọ̀hún ta tẹ́tẹ́.

Ẹnìkan lè bi wá pé, bí a bá ha ti àtijọ́ kúrò, ṣé ilé baba wa náà ni ó kù? Ẹ wo Òṣogbo. Nígbà tí ikán ba ojúbọ Ọ̀ṣun jẹ́, Susanne Wenger, tí ó dé Nàìjíríà ní 1950, àti àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ bíi Adébísí Àkànjí tún ibẹ̀ ṣe. Wọn kò díbọ́n pé kò bàjẹ́ rí; gbangba ni wọ́n fi iṣẹ́ tuntun kún ti àtijọ́. Ní 2005, UNESCO ka igbó náà mọ́ àwọn ohun àjogúnbá gbogbo ayé.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ inú rẹ̀. A kì í kun ẹnu ògiri. Dídí ni a ń dí i. Ní ilé baba wa, ojú ibi tí a dí ṣì hàn fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ ọ̀dà títí di òní. Kò bà mí lọ́kàn jẹ́. Àpá kì í ṣe ọgbẹ́.