Ta Ló Ni Àṣírí Àìsàn Nínú Ẹbí?

Ìbéèrè kan wà tó yẹ kí gbogbo àwa ọmọ Yorùbá tí a ń gbé ní ìlú Jos yìí jọ rò. Bí àrùn jẹjẹrẹ bá mú ẹnì kan, ṣé ó tọ́ kí ó fi pamọ́ fún àwọn ọmọ àti àbúrò rẹ̀?

Àwọn àgbà ní kì í ṣe gbogbo ohun tí ojú bá rí ni ẹnu ń sọ. Ẹni tó ń dákẹ́ sì ní ìdí. Bí ọmọ wa bá mú àfẹ́sọ́nà wálé, ìwádìí ni a kọ́kọ́ ń ṣe: ṣé kò sí wèrè nílé wọn, ṣé kò sí wárápá, ṣé kò sí ẹ̀tẹ̀? Ìyá tí kókó yọ sí lọ́mú mọ̀ pé bí ọ̀rọ̀ náà bá ta sétí ayé, àwọn ọmọbìnrin òun lè máà tètè rí ọkọ. Bí ó bá papò dà, a ó kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú pé "lẹ́yìn àìsàn ráńpẹ́", bẹ́ẹ̀ ó ti jẹ̀rora fún ọdún mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n ìwádìí àwọn onímọ̀ ti mú kí ọ̀rọ̀ yìí kọjá ti ẹnì kan. Ní ọdún 1990, Ọ̀jọ̀gbọ́n Mary-Claire King ní Amẹ́ríkà fi hàn pé àbùdá kan wà tí jẹjẹrẹ ọmú fi ń tẹ̀lé ìran àwọn ẹbí kan. Wọ́n rí àbùdá náà gan-an ní 1994, wọ́n pè é ní BRCA1. BRCA2 tẹ̀lé e ní 1995. Iṣẹ́ wọn ni láti máa tún ibi tó bá bàjẹ́ nínú DNA ara wa ṣe. Bí ènìyàn bá jogún èyí tó ní àléébù, ewu jẹjẹrẹ ọmú àti ti ilé ẹyin yóò pọ̀ sí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe gbogbo wọn ni àrùn náà ń mú.

Ọmọ wa, Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olópàdé, tó kọ́ ìṣègùn ní Ìbàdàn kí ó tó lọ sí Chicago, wà lára àwọn tó wádìí èyí láàárín àwa fúnra wa. Ní 2018, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé àbájáde àyẹ̀wò 1,136 obìnrin tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Ìbàdàn jáde. Nínú 100 wọn, bíi 15 ló jogún àbùdá tó ní àléébù. Nínú àwọn 997 tí kò ní àrùn náà, kò pé 2 nínú 100. Ìyẹn ni pé èyí tó pọ̀ jù kì í ṣe àjogúnbá. Ṣùgbọ́n 15 kì í ṣe ohun àfojúfò.

Bàbá lè gbé àléébù yìí fún ọmọ gẹ́gẹ́ bí ìyá. Ìdajì-ìdajì ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ọkùnrin tàbí obìnrin. Nítorí náà, ohun tó pa ẹ̀gbọ́n bàbá yín obìnrin ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè kan ọmọ yín tí wọ́n bí sí Jos, tí kò mọ̀ ju "àìsàn ráńpẹ́" lọ.

Èrò tèmi nìyí. Ilẹ̀ ẹbí, ẹnì kan kì í dá a tà. Bákan náà ni ẹ̀jẹ̀ tí a jọ pín: ẹnì kan kò lè dá gbé ìròyìn rẹ̀ wọ sàréè. Ará ìta kò ní ẹ̀tọ́ sí i, kò sì di dandan kí a kọ ọ́ sínú ìwé ìsìnkú. Ṣùgbọ́n àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọmọ tó bá mọ̀ yóò lè sọ fún dókítà, kí wọ́n tètè bẹ̀rẹ̀ àyẹ̀wò.

Àwa tí a bá sọ fún náà ní ojúṣe. Ẹni tó bá fi àìsàn ẹbí búni níbi ìjà, tàbí tó tìtorí rẹ̀ tú ìgbéyàwó ká, òun ló ń kọ́ àwọn ìyá wa láti máa dákẹ́.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá délé lọ́dún yìí, ẹ fi pẹ̀lẹ́tù béèrè ohun tó pa ìyá àgbà, àti iye ọdún tó wà nígbà tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ.