Oúnjẹ Ilé àti Oúnjẹ Búkà

Ìbéèrè kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú, ṣùgbọ́n tí ó kan ìwà ọmọlúwàbí gidigidi. Òun ni pé: ǹjẹ́ ó tọ́ kí ẹni tí ó ní ilé àti ààrò máa lọ jẹun lọ́dọ̀ olóúnjẹ? Àwọn kan ní àbùkù ni; wọ́n ní ọkọ tí ń jẹun níta kò ka aya rẹ̀ sí, àti pé ọ̀lẹ ni aya tí kò dáná. Àwọn mìíràn ní owó ẹni ni a fi ń ra ohun tí ó wu ni. Ó yẹ kí àwa olùkọ́ yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa, nítorí pé ojú wa ni àwọn ọmọ ń wò.

Ẹ jẹ́ kí a fi Kokomlemle ní ìlú Accra ṣe àpẹẹrẹ. Àdúgbò náà kò jìnnà sí oríta ńlá tí a fi orúkọ Kwame Nkrumah pè. Akọ̀wé, oníṣòwò, awakọ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń jẹun ní àwọn ilé oúnjẹ tí wọ́n ń pè ní chop bar, irú èyí tí àwa ń pè ní búkà. Fùfú àti ọbẹ̀ ẹyìn wà níbẹ̀, banku àti ilá wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kò ṣàjèjì sí àwa Yorùbá. Kí ìjọba Busia tó pàṣẹ ní ọjọ́ 18 oṣù November, 1969, pé kí àjèjì tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú gbà á láàrin ọ̀sẹ̀ méjì tàbí kí ó kúrò ní Ghana, ọ̀pọ̀ ará Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Èjìgbò ni wọ́n ń ṣòwò níbẹ̀. Àlejò tí kò ní ìyá tàbí aya nítòsí, lọ́dọ̀ ta ni yóò ti jẹun bí kò ṣe lọ́dọ̀ olóúnjẹ?

Àwọn onílé pàápàá ń rà. Ẹ wo kenkey, oúnjẹ àwọn Ga. A óò rẹ àgbàdo fún bí ọjọ́ méjì, a óò lọ̀ ọ́, a óò sì fi í sílẹ̀ kí ó kan. Lẹ́yìn náà a óò se apá kan rẹ̀, a óò pò ó mọ́ èyí tí a kò sè, a óò fi háhá wé e, a óò sì tún sè é fún wákàtí púpọ̀. Ta ni yóò ṣe èyí lójoojúmọ́ tí yóò sì tún ṣe iṣẹ́ mìíràn? Bákan náà ni ẹ̀kọ rí ní ilẹ̀ wa. Kò sí ẹni tí ó pe ìyá wa ní ọ̀lẹ nítorí pé ó ra ẹ̀kọ lọ́wọ́ ẹlẹ́kọ ní òwúrọ̀.

Èmi rò pé ibi tí ààrò wà kọ́ ni kókó ọ̀rọ̀. Ní àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Accra, àṣà àwọn Ga ni pé kí ọkọ máa gbé ní agbo ilé àwọn ọkùnrin, kí aya sì máa gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Aya a se oúnjẹ, a sì fi ránṣẹ́ sí ọkọ. Meyer Fortes, tí ó ṣe ìwádìí ní ilẹ̀ Asante ní 1945 àti 1946, rí i bí àwọn ọmọ ti ń ru ìkòkò oúnjẹ ní ìrọ̀lẹ́ láti ilé ìyá wọn lọ sí ilé baba wọn. Ọkọ àti aya kò sí lábẹ́ òrùlé kan, ṣùgbọ́n oúnjẹ náà jẹ́ ẹ̀rí pé ẹnì kan ń ronú nípa ẹnì kejì.

Ohun tí owó kò lè rà nìyí. Lóòótọ́, olóúnjẹ rere mọ oníbàárà rẹ̀, a sì máa ta àwìn fún un. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà kò bá yọjú fún ọjọ́ mẹ́ta, kò jẹ gbèsè láti wá a lọ. Ará ilé ẹni ni ó jẹ ẹ́.

Àwọn kan yóò sọ pé ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó ń kọ́? Ní 2014, àrùn onígbáméjì kọlu ènìyàn tí ó lé ní 28,000 ní Ghana, ó sì pa èyí tí ó lé ní 240. Accra ni ó ti jà jù. Ṣùgbọ́n omi àìmọ́ àti ọwọ́ àìfọ̀ ni ó ń gbé àrùn náà kiri, méjèèjì sì lè wà nílé bí wọ́n ti lè wà ní búkà.

Ìbéèrè kan tún kù. Àwọn tí ó ní kí a máa dáná nílé nígbà gbogbo, ta ni wọ́n fẹ́ kí ó dá a? Obìnrin ni, ẹni tí òun náà ti ibi iṣẹ́ dé. Àwọn àgbà ní àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Mo fi kún un pé kò dùn bí ó bá jẹ́ ẹnì kan ṣoṣo ni èéfín ń yọ lójú. Nínú iṣẹ́ ìbẹ̀wò mi, mo máa ń rí i pé àwọn ọmọbìnrin ni a ń kọ́ ní oúnjẹ sísè, nígbà tí àwọn ọmọkùnrin wà ní pápá. Àwa olùkọ́ lè tún èyí ṣe.

Nítorí náà, kí a má ṣe kẹ́gàn ẹni tí ń jẹun ní búkà, kí a má sì ṣe fojú tẹ́ńbẹ́lú olóúnjẹ, nítorí iṣẹ́ ìyá ni ó ń ṣe fún ọmọ ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní àkókò kan, ì báà ṣe ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tí gbogbo wọn yóò jókòó ti oúnjẹ kan náà, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n sè tàbí èyí tí wọ́n rà, kí wọ́n lè mọ ẹni tí kò yó láàrin wọn.