Kí Ni Oníyógà Mú Dání?

Ẹni tí ó bá sọ pé òun ti fi ayé sílẹ̀, ó yẹ kí a bi í léèrè ohun tí ó mú dání lọ. Ìbéèrè yìí ni ó máa ń sọ sí mi lọ́kàn bí mo bá ń ka ìtàn àwọn oníyógà ilẹ̀ Íńdíà àtijọ́, àwọn tí à ń pè ní Nath. Wọ́n fi ilé, aya àti ogún bàbá sílẹ̀. Wọ́n la ihò ńlá sí etí, wọ́n fi eérú para. Ṣùgbọ́n wọn kò fi ara sílẹ̀. Wọ́n ń wá ọ̀nà tí ara náà kò fi ní kú.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n tọ̀. Èkíní ni èémí. Ìwé Hathapradipika, tí Svatmarama kọ ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún, kọ́ni bí a ṣe ń ká èémí mọ́nú, àti bí a ṣe ń yí ahọ́n sẹ́yìn sókè àjà ẹnu. Èrò wọn ni pé omi ìyè ń kán láti inú orí, pé oòrùn inú ikùn ni ó ń jó o gbẹ, tí ènìyàn fi ń darúgbó.

Èkejì ni mákúrì, irin olómi tí kì í dúró lójú kan. Ìwé Rasarnava, tí ó jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀ láàrin òrìṣà Shiva àti aya rẹ̀, so mákúrì mọ́ àtọ̀ Shiva, ó sì so imí ọjọ́ mọ́ ẹ̀jẹ̀ aya náà. Bí a bá ṣe é tí ó pé, irin lásán yóò di wúrà, ara yóò sì di aláìkú. Ìwé náà kìlọ̀ pé kí a kọ́kọ́ dán an wò lára irin kí ó tó kan ara ènìyàn. Ìkìlọ̀ rere ni, nítorí májèlé ni mákúrì.

Àwa tí a gbà pé ayé lọjà, ọ̀run nilé, ó rọrùn fún wa láti pe irú ìwákiri bẹ́ẹ̀ ní ojúkòkòrò. N kò lè yára dá wọn lẹ́bi bẹ́ẹ̀. Wọ́n ń sọ ìtàn Matsyendranath, olùkọ́ ńlá, tí ó há sí ìlú àwọn obìnrin, tí ó gbàgbé ara rẹ̀ sínú adùn ààfin. Gorakhnath, ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀, para dà bí oníjó, ó wọlé, ó lu ìlù títí olùkọ́ fi jí. Ẹni tí ó ti ṣẹ́gun ikú kò lè dá jí lójú oorun tirẹ̀. Ìfẹ́ ọmọ ẹ̀yìn ni ó gbà á là. Nítorí náà, wọn kò fi gbogbo ènìyàn sílẹ̀ ní tòótọ́.

Síbẹ̀, nínú àwọn kan lára ìtàn wọ̀nyí, olùkọ́ náà ti bímọ sí ààfin. Ọmọ ẹ̀yìn rí olùkọ́ rẹ̀ gbà padà. Kí ni ti ìyá ọmọ náà? Èrò tèmi ni pé ohun tí ènìyàn jù sílẹ̀ kò tó láti fi wọn ìwà mímọ́ rẹ̀. Ó yẹ kí a wo ẹni tí ó kù sẹ́yìn láti gbé ẹrù náà.