ẸNI TÍ A Ń SÌN: BÁWO NI ÌWÀ RẸ̀ TI RÍ?

Kíkà: Ẹ́kísódù 34:4-9

 

Àwa Yorùbá mọ ohun tí à ń pè ní oríkì. Bí ẹnì kan bá dé ojúde baálé, tí ó wá ń fi oríkì ilé ọlọ́dẹ ki ọmọ alágbẹ̀dẹ, baálé náà lè má bínú. Ó tilẹ̀ lè fún un lówó kí ó lè máa lọ. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ kò ní wú, nítorí ó ti mọ̀ pé ọkùnrin yìí kò mọ ilé òun. Ohùn rẹ̀ lè dùn, ìlù rẹ̀ lè dún dáadáa, ẹni tí ó ń kì kọ́ ni ó wà níwájú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ kí a bi ara wa léèrè nìyí: ìyìn tí à ń gbé wá sí ilé Ọlọ́run, ṣé ti Ọlọ́run ni, àbí ti ẹlòmíràn tí a kàn fi orúkọ Rẹ̀ pè?

Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà le jù. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí ní ẹsẹ̀ òkè Sínáì. Mósè wà lórí òkè fún 40 ọjọ́, ara àwọn ènìyàn kò gbà á mọ́. Áárónì gba yẹtí wúrà tí ó wà létí wọn, ó fi ṣe ère ọmọ màlúù. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í kíyè sí ẹsẹ 5 nínú orí 32. Áárónì kò pe àjọ̀dún ọjọ́ kejì ní ti òrìṣà Íjíbítì o. Ti OLÚWA ni ó kéde pé yóò jẹ́. Orúkọ tí wọ́n pè tọ̀nà! Wọ́n jí ní kùtùkùtù, wọ́n rúbọ, wọ́n jẹ, wọ́n mu, wọ́n jó. Ẹni tí ó bá dúró lókèèrè yóò ní ìsìn náà gbóná. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fún ní orúkọ náà kì í sọ̀rọ̀, kì í béèrè ìwà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ibi tí wọ́n bá gbé e lọ ni yóò dúró sí. Ní ọjọ́ náà, nǹkan bí 3000 ọkùnrin ni ó kú.

Lẹ́yìn èyí ni Mósè wá bẹ OLÚWA pé kí ó fi ògo Rẹ̀ han òun. Bí ó bá ṣe èmi tàbí ẹ̀yin ni, iná àti àrá ni à bá máa retí. Ọlọ́run fi Mósè pamọ́ sínú pàlàpálá àpáta, ó kọjá níwájú rẹ̀, ó sì pe orúkọ ara Rẹ̀. Ìwà Rẹ̀ ni ó ń sọ: pé inú Òun yọ́ sí ènìyàn, pé Òun kì í yára bínú, pé oore Òun pọ̀, òtítọ́ Òun pọ̀, pé Òun a máa dárí jì, síbẹ̀ Òun kì í pe ẹlẹ́bi ní aláre. Ṣé ẹ rí i? Ọlọ́run fúnra Rẹ̀ ni ó ki ara Rẹ̀. Kò fi oríkì Rẹ̀ sílẹ̀ kí àwa máa méfò. (Àwọn tí ó gbọ́ èdè Hébérù sọ pé ọ̀rọ̀ tí a túmọ̀ sí pé kì í yára bínú níbẹ̀, bí a bá tú u wẹ́kú, ni pé imú Rẹ̀ gùn. Ó pa mí lẹ́rìn-ín nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ó yé mi: ibi tí imú bá gùn, èémí ìbínú a pẹ́ kí ó tó jáde.)

Ẹ wá wo ẹsẹ 8. Mósè yára tẹríba, ó sì sìn. Kò sí ẹni tí ó lu agogo fún un pé kí ó kúnlẹ̀. Ohun tí ó gbọ́ nípa Ẹni náà ni ó dojú rẹ̀ bolẹ̀. Nígbà tí ó sì yá, nínú Númérì orí 14, tí àwọn ènìyàn gba ọ̀rọ̀ àwọn amí mẹ́wàá gbọ́, tí Ọlọ́run fẹ́ pa wọ́n run, Mósè kò wá àgbò kiri. Ó kàn ka ìwà Ọlọ́run padà sí Ọlọ́run létí, ó sì di í mú ṣinṣin. Ọlọ́run gbọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bí ó ti rí láàrin àwa aláṣọ funfun, láti Àjàṣẹ́ dé Kétu, dé Ṣábẹ, títí dé Tógò. Ọmọ obìnrin kan ń ṣàìsàn. Ó dé ilé àdúrà, wọ́n ní àbẹ́là rẹ̀ kò pé, lọ́fínńdà rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí a sọ, nítorí náà ni Ọlọ́run ṣe di etí. Obìnrin náà lọ yá owó. Ní òru ó ń ka àbẹ́là bí ẹni ń ka gbèsè. Ẹ̀yin ará, ọlọ́run wo ni obìnrin yìí ń sìn? Olówó èlé ni wọ́n fi hàn án! Èmi kò bá àbẹ́là jà. Ìmọ́lẹ̀ ni, a sì ń tàn án láti bu ọlá fún Ọba ìmọ́lẹ̀. Tùràrí sì ń rán wa létí àdúrà tí ń gòkè. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe owó ọjà. Ẹni tí ó mọ Ẹ́kísódù 34 a tan àbẹ́là bí ẹni ń dúpẹ́. Kí ìyá náà gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá, kí ó sì máa gbàdúrà bí ó ti ń lọ. Àwọn méjèèjì kò bá ara wọn jà.

Adẹ́tẹ̀ inú Máàkù orí 1 sọ fún Jésù pé bí Ó bá fẹ́, Ó lè sọ òun di mímọ́. Ó mọ agbára Rẹ̀, kò tíì mọ inú Rẹ̀. Jésù na ọwọ́, ó fi kàn án, adẹ́tẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í fọwọ́ kàn, ó ní Òun fẹ́. Nígbà tí Fílípì sì ní kí ó fi Baba han àwọn, ó ní ẹni tí ó ti rí Òun ti rí Baba. Nítorí náà, ọwọ́ tí ó kan adẹ́tẹ̀ yẹn, ọwọ́ Baba ni.

Ẹ má sì gbàgbé apá kejì oríkì náà, pé kì í pe ẹlẹ́bi ní aláre. À ń bọ́ bàtà kí a tó wọlé, à ń wọ sùtánà funfun. Nínú Aísáyà orí 6, àwọn séráfù tí kò dẹ́ṣẹ̀ rí ń fi ìyẹ́ bo ojú níwájú Rẹ̀. Nínú Ámósì orí 5, Ọlọ́run ní kí wọ́n gbé ariwo orin wọn kúrò lọ́dọ̀ Òun, nítorí wọ́n ń tẹ tálákà mọ́lẹ̀. Ìyá tí ó fi nǹkan dí ìdí igbá tí ó fi ń wọn gààrí lọ́jà, bàbá tí ó gba ilẹ̀ ọmọ òrukàn, orin yín ń dé òkè o, ṣùgbọ́n ẹ̀yin náà ti gbọ́ ohun tí Ámósì sọ.

Ó kù sọ́wọ́ àwa alàgbà. Jónà mọ oríkì yìí lórí. Ó kà á nínú orí 4, ẹsẹ 2. Ìbínú ni ó fi kà á! Kò fẹ́ kí àánú náà kan àwọn ará Nínéfè, tí wọ́n ju 120,000 lọ. Bí arákùnrin tí ó ṣubú bá padà wá, tí ó rọra jókòó sẹ́yìn, báwo ni ojú wa ṣe rí lára rẹ̀?

Ní ìsìn Ọjọ́rú tí ń bọ̀, kí olúkúlùkù tó béèrè ohunkóhun, kí ó kọ́kọ́ fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún Ọlọ́run irú ẹni tí Ọlọ́run jẹ́. Bí ẹ kò bá mọ ohun tí ẹ ó sọ, ẹ ka ẹsẹ 6 àti 7. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá tọrọ.

Baba wa tí kì í yára bínú, gbọ́ ti ìyá tí ó ń gbé ọmọ rẹ̀ mọ́ra ní òru òní. Gba ẹ̀rù olówó èlé kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní orúkọ Jésù Krístì Olúwa wa. Àmín.